Ṣé Ó Yẹ Kẹ́ Ẹ Tún Fíìmù Tẹ́ Ẹ Ti Ní Rà?

Fíìmù tẹ́ ẹ fẹ́ràn, tẹ́ ẹ sì ti ní nílé, tún jáde. Irin ni wọ́n fi ṣe páálí rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n kọ 4K gàdàgbà sí i lára, ìwé kékeré kan wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú àwọn káàdì aláwòrán, wọ́n sì ní àyájọ́ ogún ọdún tí fíìmù náà jáde ni àwọn fi ń ṣe. Owó rẹ̀ ju ti èyí tó wà nílé yín lọ fíìfíì. Ṣé nǹkan tuntun wà nínú rẹ̀ lóòótọ́, àbí ohun tẹ́ ẹ ti sanwó rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni wọ́n tún fẹ́ tà fún yín?

Nígbà mìíràn nǹkan tuntun wà níbẹ̀, nígbà mìíràn kò sí, ara páálí kọ́ sì lẹ ó ti mọ̀ ọ́n. Ohun tó ń da ọ̀rọ̀ yìí rú ni pé nọ́ńbà tí wọ́n ń kọ síta ń sọ bí àwo ṣe lè gba àwòrán tó. Kò sọ irú àwòrán tí wọ́n kó sínú rẹ̀. Torí náà, kẹ́ ẹ tó béèrè ohunkóhun mìíràn, ẹ kọ́kọ́ béèrè pé láti ibo ni wọ́n ti mú àwòrán náà wá. Tẹ́ ẹ bá ti rí ìdáhùn ìyẹn, èyí tó kù kò le mọ́.

Ẹ jẹ́ ká yanjú ọ̀rọ̀ nọ́ńbà ná. Kásẹ́ẹ̀tì VHS ti wà láti 1976. DVD dé ní Japan ní 1996, Blu-ray tẹ̀ lé e ní 2006, nígbà tó sì di 2016, Ultra HD Blu-ray, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní àwo 4K, bọ́ sójú ọjà. Àwọn àmì tíntìntín tí wọ́n ń pè ní píksẹ́lì ló ń para pọ̀ di àwòrán ojú tẹlifíṣọ̀n. DVD ní 720 ní ìbú àti 480 ní òòró, tàbí 576 níbi tí wọ́n bá ti ń lo ètò tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n ń pè ní PAL. Blu-ray ní 1920 àti 1080. Àwo 4K ní 3840 àti 2160. Tẹ́ ẹ bá ṣe ìṣirò rẹ̀, píksẹ́lì Blu-ray jẹ́ ìlọ́po mẹ́fà ti DVD onílà 480, ti 4K sì jẹ́ ìlọ́po mẹ́rin ti Blu-ray.

Láti DVD bọ́ sí Blu-ray, ojú lásán ń rí ìyàtọ̀ rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n òde òní. Lẹ́tà tí òṣèré mú lọ́wọ́, tó jẹ́ pé funfun lásán lẹ rí lórí DVD, ẹ ó rí ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sínú rẹ̀ kà. Tó bá jẹ́ DVD lẹ ní, tẹ́ ẹ sì fẹ́ràn fíìmù náà tọkàntọkàn, mi ò ní pẹ́ kí n tó ní kẹ́ ẹ rà á. Àǹfààní kan tún wà tí wọn kì í kọ sára páálí. Fíìmù sinimá máa ń fi àwòrán 24 hàn láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ṣùgbọ́n DVD tí wọ́n ṣe fún ètò PAL máa ń sá a ní 25. Fíìmù wákàtí méjì á tipa bẹ́ẹ̀ fi nǹkan bí ìṣẹ́jú márùn-ún tètè parí, ohùn àwọn òṣèré àti orin inú rẹ̀ á sì fi díẹ̀ ga ju bó ṣe yẹ lọ. Blu-ray dá a padà sí 24. Ẹni tó ti ń fi irú DVD bẹ́ẹ̀ wo fíìmù kan fún ọ̀pọ̀ ọdún á gbọ́ ohùn òṣèré tó mọ̀ dunjú, á sì rí i pé ó wúwo ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Láti Blu-ray bọ́ sí 4K ni ọ̀rọ̀ ti ń gba àròjinlẹ̀, ibẹ̀ náà sì ni owó ti ń ṣòfò jù.

Ibi tí àwòrán ti wá

Kí kámẹ́rà kọ̀ǹpútà tó gbòde, orí ike fíìmù ni wọ́n ń ya gbogbo nǹkan sí. Ike tó wà nínú kámẹ́rà gan-an lọ́jọ́ tí wọ́n ń yàwòrán ni nẹ́gátíìfù. Láti ara rẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe ẹ̀dà kan, láti ara ẹ̀dà yẹn ni wọ́n ti ń ṣe òmíràn, títí tó fi máa kan èyí tí wọ́n ń gbé lọ sí ilé sinimá. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá da ọ̀kan kọ láti ara òmíràn ni nǹkan ń dín kù: àwòrán á rọ̀ díẹ̀, òkùnkùn á túbọ̀ dúdú, ohun tó wà nínú òkùnkùn náà á bọ́ sọnù. Ọ̀pọ̀ DVD àti Blu-ray àkọ́kọ́ ló jẹ́ pé ara ẹ̀dà kejì tàbí ẹ̀kẹta yìí ni wọ́n ti ṣe wọ́n, pẹ̀lú ẹ̀rọ ayé ìgbà náà. Tí ilé iṣẹ́ kan bá wá padà lọ síbi tí wọ́n kó nẹ́gátíìfù pamọ́ sí, tí wọ́n fọ̀ ọ́ mọ́, tí wọ́n sì tún ṣe síkáànì rẹ̀ ní 4K, àwòrán mìíràn ló máa jáde pátápátá. Nẹ́gátíìfù 35 mílímítà lásán ní nínú ju ohun tí Blu-ray lè gbà lọ. Lawrence of Arabia, tó jáde ní 1962, orí ike 65 mílímítà tó fẹ̀ ju ìyẹn lọ ni wọ́n yà á sí. Nígbà tí wọ́n ń tún un ṣe fún àyájọ́ àádọ́ta ọdún rẹ̀ ní 2012, 8K, ìyẹn ìlọ́po méjì 4K ní ìbú, ni wọ́n ṣe síkáànì rẹ̀.

Èyí ló fà á tó fi jẹ́ pé fíìmù àtijọ́ gan-an ni àwo 4K máa ń ṣe lóore jù. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í gbà á gbọ́. Wọ́n rò pé fíìmù tó bá ti pẹ́ kò lè mọ́, pé èyí tó jáde lẹ́nu àìpẹ́ yìí ló yẹ kéèyàn fi 4K wò. Àmọ́ ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. O Brother, Where Art Thou?, tó jáde ní 2000, wà lára àwọn àkọ́kọ́ tí wọ́n fi kọ̀ǹpútà tún àwọ̀ rẹ̀ ṣe látòkèdélẹ̀. Ọ̀nà yẹn di ti gbogbo ayé láìpẹ́. Wọ́n á kó fíìmù sínú kọ̀ǹpútà, inú rẹ̀ ni wọ́n á ti gé e, tí wọ́n á ti ṣe àwọ̀ rẹ̀, tí wọ́n á sì ti fi ìbúgbàù àti ẹranko àràmàǹdà kún un. Agbára kọ̀ǹpútà ìgbà náà kò tó nǹkan, nítorí náà ọ̀pọ̀ fíìmù fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó tẹ̀ lé e ló jẹ́ pé 2K ni wọ́n parí rẹ̀ sí, ìyẹn píksẹ́lì 2048 ní ìbú. Ẹ sì rántí pé 1920 ni ti Blu-ray. Ohun tó wà nínú fíìmù náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ Blu-ray tán. Tí wọ́n bá wá gbé 4K rẹ̀ jáde lónìí, nínà ni wọ́n na àwòrán kan náà kó lè kún ojú tẹlifíṣọ̀n, kì í ṣe pé wọ́n rí ohun tuntun nínú rẹ̀.

Àpẹẹrẹ tó le jù ni 28 Days Later, ti 2002. Kámẹ́rà MiniDV ni wọ́n fi ya èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, kámẹ́rà tí àwòrán rẹ̀ kò ju ìwọ̀n DVD lọ. Bó ṣe rí hágẹhàgẹ yẹn wà lára ohun tó jẹ́ kí fíìmù náà bani lẹ́rù, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ kò sí iye K tí wọ́n lè kọ sára páálí rẹ̀ tó máa fi ohun tí kámẹ́rà kò rí lọ́jọ́ náà kún un.

Eré orí tẹlifíṣọ̀n ní ìtàn tirẹ̀. Star Trek: The Next Generation, tí wọ́n ṣe láàárín 1987 sí 1994, orí ike 35 mílímítà ni wọ́n yà á sí, ṣùgbọ́n orí téèpù fídíò ni wọ́n ti gé e pọ̀, téèpù náà ni wọ́n sì fi ṣe DVD. Nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣe Blu-ray rẹ̀, tó jáde láàárín 2012 sí 2014, wọ́n ní láti lọ tú àwọn nẹ́gátíìfù náà síta, kí wọ́n tún gbogbo rẹ̀ gé pọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí wọ́n sì tún to àwọn àwòrán ọkọ̀ òfuurufú inú rẹ̀ jọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ ńlá ni. Ẹni tó ní DVD rẹ̀, tó tún wá ra Blu-ray, kò ra ohun kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Eré tó sì jẹ́ pé orí téèpù fídíò ni wọ́n yà á sí láti ìpìlẹ̀ kò ní nẹ́gátíìfù kankan tí wọ́n lè padà sí. Tí wọ́n bá ní àwọn ti sọ ọ́ di 4K, ẹ fi owó yín sápò.

Ìdí kan tún wà tó lágbára ju gbogbo ìwọ̀nyí lọ, ìyẹn ni pé kí fíìmù náà fúnra rẹ̀ ti yí padà. Metropolis tí Fritz Lang ṣe ní Jámánì jáde ní 1927, kò sì pẹ́ tí wọ́n fi gé ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ kúrò. Fún nǹkan bí ọgọ́rin ọdún, gbogbo ayé gbà pé apá yẹn ti sọnù. Ní 2008 ni wọ́n rí ẹ̀dà 16 mílímítà kan ní ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé sinimá ní Buenos Aires, nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tí kò sí níbòmíràn sì wà nínú rẹ̀. Ara ike náà ti họ gan-an, ẹ ó rí i tí ìlà ń ṣàn lójú àwòrán láti òkè dé ilẹ̀, ṣùgbọ́n pẹ̀lú ẹ̀dà tuntun tó jáde ní 2010, àwọn ènìyàn inú fíìmù tí kò nídìí tẹ́lẹ̀ wá nídìí. Ẹni tó bá ní ti tẹ́lẹ̀ kò tíì ní fíìmù náà.

Ibo lẹ ó ti rí gbogbo èyí? Ẹ̀yìn páálí, tàbí ìkéde tí ilé iṣẹ́ náà ṣe nígbà tí wọ́n ń gbé e jáde. Ẹni tó bá ṣe iṣẹ́ náà dáadáa kì í fi í pamọ́. Wọ́n á sọ pé ara nẹ́gátíìfù gan-an ni àwọn ti ṣe síkáànì tuntun, wọ́n á sọ pé 4K ni, wọ́n á dárúkọ ẹni tó bójú tó àwọ̀ rẹ̀, yálà olùdarí tàbí ẹni tó di kámẹ́rà mú nígbà náà. Tó bá jẹ́ "remastered", ìyẹn pé wọ́n ti tún un ṣe, nìkan ni wọ́n kọ, tí wọn kò sọ láti ara kí ni, mo máa ń fura, nítorí ẹni tó kàn fi ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ kún àwòrán àtijọ́ náà lè kọ ọ́ síbẹ̀, kò sì sẹ́ni tó máa mú un.

Nígbà tí àtúnṣe bá di ìbàjẹ́

Síkáànì tuntun nìkan kò tó. Ike fíìmù ní horo. Àwọn èròjà fàdákà tó ń gba ìmọ́lẹ̀ mú lára rẹ̀ ló ń fà á, tẹ́ ẹ bá sì súnmọ́ àwòrán dáadáa, ẹ ó rí i tó ń mì rìrìrì, pàápàá níbi tí ojú ọ̀run tàbí ògiri bá wà. Horo yìí kì í ṣe ìdọ̀tí. Òun gan-an ló di àwòrán. Àmọ́ àwọn ilé iṣẹ́ kan gbà pé ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra tẹlifíṣọ̀n kò fẹ́ rí i, wọ́n á wá fi kọ̀ǹpútà nù ún kúrò. Bí wọ́n ṣe ń nu horo ni wọ́n ń nu ihò ara, irùngbọ̀n tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù, òwú aṣọ àti ewé igi pẹ̀lú rẹ̀. Blu-ray Predator tó jáde ní 2010 ni àwọn olólùfẹ́ fíìmù ṣì máa ń tọ́ka sí títí dòní. Inú igbó ni wọ́n wà, àwọn jagunjagun tó yẹ kí òógùn àti ẹrẹ̀ bo ojú wọn, ojú wọn wá ń dán bíi pé àbẹ́là ni wọ́n fi mọ wọ́n. Ọ̀pọ̀ àwọn tó rà á ló padà sí Blu-ray tó ṣáájú rẹ̀, èyí tí horo kún inú rẹ̀ fọ́fọ́.

Ti Gladiator tún yàtọ̀. Nínú ogun tó bẹ̀rẹ̀ fíìmù náà, àwọn ọmọ ogun Róòmù ń ta ọfà oníná sójú ọ̀run. Nígbà tí Blu-ray rẹ̀ jáde ní 2009, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ṣa ẹ̀gbin kúrò lára àwòrán ti ka díẹ̀ lára àwọn ọfà náà sí ẹ̀gbin, ó sì pa wọ́n rẹ́. Ọfà ń lọ lójú ọ̀run, kò sì sí mọ́. Lẹ́yìn tí àwọn ènìyàn pariwo ni wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì gbé òmíràn jáde ní 2010. Ẹni tó bá ní ti 2009, tó wá ń bi mí bóyá kó tún Gladiator rà, bẹ́ẹ̀ ni ni màá dá a lóhùn láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Lẹ́nu àìpẹ́ yìí, wàhálà náà ti gba ọ̀nà mìíràn yọ. Ní 2024, nígbà tí Aliens, The Abyss àti True Lies jáde lórí àwo 4K, awuyewuye ńlá bẹ́ sílẹ̀, nítorí pé wọ́n lo ètò kọ̀ǹpútà tó ń fúnra rẹ̀ gbèrò ohun tó yẹ kó wà nínú àwòrán, tó sì ń yà á síbẹ̀. Àwọn kan fẹ́ràn rẹ̀ torí pé ó mú ṣáṣá. Èmi ò fara mọ́ ọn. Irun tí ẹ̀rọ yà sórí òṣèré kì í ṣe irun òṣèré, mi ò sì rí ìdí tí ènìyàn fi máa sanwó fún un lórúkọ àtúnṣe.

Gbogbo èyí ló jẹ́ kí n máa bẹ àwọn ènìyàn pé kí wọ́n má sanwó fún ẹ̀dà kankan kó tó jáde. Ẹ dúró di ìgbà tí àwọn tó ń yẹ àwo wò bá ti to àwòrán kan náà láti inú ẹ̀dà méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Tẹ́ ẹ bá rí i, ẹ má kọ́kọ́ wo èyí tó tàn jù. Ẹ lọ síbi tí ojú òṣèré ti súnmọ́ wa. Ṣé ẹ rí ihò ara lẹ́bàá imú rẹ̀? Ṣé ìlà funfun tẹ́ẹ́rẹ́ yí èjìká rẹ̀ ká? Tí irú ìlà bẹ́ẹ̀ bá wà, kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi fipá mú àwòrán náà mú ṣáṣá. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ wo igun tó ṣókùnkùn jù, bóyá nǹkan ṣì wà níbẹ̀, kẹ́ ẹ sì wo etí àwòrán náà lọ́tùn-ún lósì. Àwọn DVD kan wà tí wọ́n gé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì kúrò kó lè kún tẹlifíṣọ̀n onígun mẹ́rin ayé àtijọ́. Tó bá jẹ́ irú ìyẹn ló wà nílé yín, ẹ kò tíì rí odindi fíìmù náà rí.

Tẹlifíṣọ̀n yín àti ìjókòó yín

Ohun tí mo kà sí jù nínú àwo 4K kì í ṣe píksẹ́lì rárá, HDR ni, ìyẹn ètò tó ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ inú àwòrán lè mọ́lẹ̀ gan-an láìjẹ́ pé ohun tó wà nínú òkùnkùn bọ́ sọnù. Àwòrán DVD àti Blu-ray, nǹkan bí 100 nit ni wọ́n wọn ìmọ́lẹ̀ tó ga jù nínú rẹ̀ sí; nit ni wọ́n fi ń díwọ̀n bí ojú tẹlifíṣọ̀n ṣe mọ́lẹ̀ tó. Àwòrán HDR sábà máa ń lọ dé 1,000, àwọn mìíràn dé 4,000. Àwọ̀ rẹ̀ náà pọ̀ sí i: Blu-ray ní ìpele 256 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú àwọ̀ pupa, àwọ̀ ewé àti àwọ̀ búlúù, àwo 4K ní 1,024. Ẹ wo yàrá tó ṣókùnkùn, fìtílà kan ń jó níbẹ̀, ẹnì kan sì jókòó tì í. Lórí Blu-ray, ọwọ́ iná náà sábà máa ń funfun báláú, kóòtù dúdú tí ẹni náà wọ̀ á sì dà pọ̀ mọ́ òkùnkùn. Lórí HDR tí wọ́n fara balẹ̀ ṣe, ẹ ó rí àwọ̀ ọsàn nínú ọwọ́ iná, ẹ ó sì rí ibi tí kóòtù náà ti ká léjìká. Fíìmù tí wọ́n parí sí 2K pàápàá lè jèrè níhìn-ín, ìdí nìyẹn tí mi ò fi ní sọ pé gbogbo 4K tí wọ́n nà jẹ́ òfò.

Àmọ́ tẹlifíṣọ̀n gbọ́dọ̀ lágbára rẹ̀. Ọ̀pọ̀ tí wọ́n kọ HDR sí lára ni ìmọ́lẹ̀ wọn kò ju nǹkan bí 300 nit lọ. Wọ́n á gba àwòrán náà wọlé, wọ́n á wá tẹ̀ ẹ́ rì kó lè bá agbára wọn mu, nígbà mìíràn á tiẹ̀ ṣókùnkùn ju Blu-ray lọ. Ẹni tó ní irú rẹ̀, tẹlifíṣọ̀n ló yẹ kó kọ́kọ́ pààrọ̀.

Ibi tẹ́ ẹ jókòó sí náà ní ọ̀rọ̀ sọ. Níwájú tẹlifíṣọ̀n ínṣì 55, ẹni tí ojú rẹ̀ dá ṣáṣá, tó bá ti sún sẹ́yìn kọjá mítà méjì lé díẹ̀, kò lè dá píksẹ́lì Blu-ray mọ̀ yàtọ̀ síra mọ́. Píksẹ́lì tí 4K fi kún un ti kọjá ohun tí ojú rẹ̀ lè mú níbẹ̀. HDR nìkan ló máa rí.

Ní ti ohùn, DVD máa ń fún ohùn pọ̀ kó lè rí àyè, ó sábà máa ń jẹ́ kílóbíìtì 448 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan tàbí kó kéré sí i. Blu-ray lè gbé ohùn bó ṣe kúrò ní ilé iṣẹ́ láìyọ nǹkan kan. Tí ẹ kò bá ní ẹ̀rọ agbóhùnjáde gidi, ẹ má fi ìyẹn ṣe ìpinnu. Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún ni pé àwọn ẹ̀dà tuntun kan máa ń yọ ohùn tí wọ́n fi gbé fíìmù náà jáde ní ilé sinimá kúrò, wọ́n á fi èyí tí wọ́n tún ṣe rọ́pò rẹ̀, ìró ìbọn àti ilẹ̀kùn inú rẹ̀ á sì ti yí padà.

Ẹ rántí pé ẹ̀rọ Blu-ray lásán kì í ka àwo 4K. Ẹ̀rọ géèmù PlayStation 5 tó ní ojú àwo ń kà á, Xbox Series X tó ní ojú àwo náà ń kà á, ṣùgbọ́n PlayStation 4 Pro kì í kà á, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n polówó 4K mọ́ ọn. Àwo 4K kò ní kóòdù àgbègbè, ìyẹn àmì tí kì í jẹ́ kí ẹ̀rọ àgbègbè kan ka àwo àgbègbè mìíràn; Blu-ray ló pín ayé sí A, B àti C.

Níhìn-ín ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń kó sí wàhálà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fetí sílẹ̀. Àpótí 4K sábà máa ń ní àwo méjì: 4K kan, Blu-ray kan. Ẹni tí kò ní ẹ̀rọ 4K á rà á, á sọ pé Blu-ray inú rẹ̀ lòun máa wò ná títí òun á fi ra ẹ̀rọ. Nínú ọ̀pọ̀ àpótí, Blu-ray yẹn gan-an ni wọ́n ti ń tà láti bí ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, èyí tó ti wà nílé rẹ̀. Ara àwo 4K nìkan ni àtúnṣe tuntun wà. Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ wádìí bóyá àtúnṣe tuntun náà ni wọ́n fi ṣe Blu-ray inú àpótí.

Tó bá jẹ́ pé orí íntánẹ́ẹ̀tì lẹ ti ń wo fíìmù náà ní 4K, àwo ṣì yàtọ̀ sí i. Ti íntánẹ́ẹ̀tì sábà máa ń gba nǹkan bíi mẹ́gábíìtì 15 sí 25 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, àwo 4K lè kọjá 100. Níbi tí èéfín, ìkùukùu tàbí òjò bá wà lẹ ti máa rí ìyàtọ̀ náà jù, nítorí ibẹ̀ ni àwòrán tí wọ́n fún pọ̀ ti ń fọ́ sí onígun mẹ́rin kéékèèké.

Páálí àti ohun tó wà nínú rẹ̀

Mi ò ní pẹ́ lórí káàdì àti pósítà. Kò sóhun tó burú nínú kéèyàn fẹ́ràn ohun tó rẹwà, páálí irin sì máa ń rẹwà lórí pẹpẹ. Kẹ́ ẹ ṣáà mọ̀ pé páálí lẹ rà. Àwo tó wà nínú páálí olówó ńlá àti èyí tó wà nínú páálí lásán sábà máa ń jẹ́ ọ̀kan náà, ti páálí lásán á sì tẹ̀ lé e lẹ́yìn oṣù díẹ̀, tàbí kí wọ́n jọ jáde lọ́jọ́ kan náà. Àwọn ilé iṣẹ́ tún ní àṣà kan: wọ́n á kọ́kọ́ tà á láìsí àfikún kankan, tó bá ti tà tán, wọ́n á wá gbé èyí tó kún jáde fún àyájọ́ ọdún kẹwàá, ogún ọdún, ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Bí a bá ní ká wo dídùn ifọ̀n, a ó họra dé eegun.

Àfikún tó ṣe pàtàkì lójú mi ni èyí tí ènìyàn kò lè rí níbòmíràn. Ohùn àlàyé tí onímọ̀ máa ń sọ lé fíìmù lórí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ti wà láti 1984, nígbà tí ilé iṣẹ́ Criterion ṣe ti King Kong lórí laserdisc, àwo fíìmù ńlá tó ṣáájú DVD, mo sì mọ àwọn tó jẹ́ pé irú ohùn bẹ́ẹ̀ ló kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń wo fíìmù. Àpótí Blade Runner tó jáde ní 2007 kó oríṣi márùn-ún fíìmù náà jọ sójú kan, láti èyí tí wọn kò tíì parí títí kan èyí tí olùdarí fọwọ́ sí kẹ́yìn. Irú àpótí bẹ́ẹ̀ tó owó tí wọ́n bù lé e, nítorí ó jẹ́ kéèyàn fojú ara rẹ̀ rí bí fíìmù kan ṣe ń yí padà lọ́wọ́ àwọn tó ṣe é.

Tẹ́ ẹ bá wá rà á, ẹ má tíì gbé ti àtijọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ wo ìran kan tẹ́ ẹ mọ̀ dunjú nínú méjèèjì, ẹ tẹ́tí sí ohùn rẹ̀, kẹ́ ẹ sì yẹ ibi àfikún wò bóyá ohun tó wà nínú ti àtijọ́ pé síbẹ̀. Ó wọ́pọ̀ pé kí ilé iṣẹ́ tó gbé tuntun jáde má ní ẹ̀tọ́ sí ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò tí ilé iṣẹ́ mìíràn ṣe tẹ́lẹ̀, àwo àtijọ́ nìkan á sì wá jẹ́ ibi tó kù sí. Nígbà mìíràn, fíìmù náà fúnra rẹ̀ ló ń bá àwo lọ. Star Wars bí wọ́n ṣe fi hàn ní ilé sinimá ní 1977, kí wọ́n tó yí i padà ní 1997, wà lára DVD kan tí wọ́n tà fún ìgbà díẹ̀ ní 2006. Kò sí nínú àpótí Blu-ray ti 2011. Ẹni tó bá ti ta DVD yẹn láti fi ra àpótí náà, ẹ̀dà ti 1977 ló tà lọ.